Kí ló dé táwọn kan ṣì ń sọ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ?

Kì í ṣe pé wọn ò lọ skúùlù o. Ojú wa gan-an ló kọ́kọ́ ń tàn wá jẹ: tẹ́ẹ bá dúró ní Ṣágámù báyìí, pẹrẹsẹ nilẹ̀ máa rí lójú yín, torí ayé tóbi gan-an, yíká ẹ̀ tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà, ìwọ̀nba tójú wa ká kéré jọjọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 1956 ni òyìnbó kan, Samuel Shenton, ti dá ẹgbẹ́ àwọn tó gbà pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ nílùú òyìnbó, àmọ́ YouTube ló wá tan iná ràn án, ẹ wo fídíò kan tán, wọ́n tún gbé òmíì tó jọ ọ́ síwájú yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé gbogbo èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀ (ní 2019 ni YouTube tó sọ pé àwọn máa dín bí wọ́n ṣe ń gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ síwájú èèyàn kù).

Èyí tó le jù ni pé ọ̀pọ̀ ò fọkàn tán ìjọba mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íjẹ̀bú-Òde ní, "ṣé àwọn tó ń parọ́ iná fún wa ló máa sòótọ́ ayé?" A wá pe àbúrò wọn ní Kánádà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ó ní oòrùn ṣì ń ràn lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ ni, oòrùn kan náà ni gbogbo wa ì bá jọ máa rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.