Ẹ̀rọ Amúlétutù àti Owó Iná: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìbàdàn ni mò ń gbé, àdúgbò wa sì wà lára àwọn tí wọ́n pè ní Band A, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù HP kan ni ó wà nínú yàrá wa, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní òró àti ní ìbú. Bí a bá ra iná ₦20,000, agbára káká ni ó fi ń lo ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá àwọn ọmọ kì í gbà kí a gbé e kúrò lórí 16, nítorí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń tètè tutù. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni oníṣẹ́ sì ń wá rọ gáàsì sí i. Ṣé kí a tà á, kí a ra èyí tí wọ́n ń pè ní inverter?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì ta ẹ̀rọ yín o. HP kan tó yàrá bẹ́ẹ̀, àfi bí ó bá wà lábẹ́ páànù gan-an tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń bá a fínra.

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru inú yàrá ni ó ń kó, tí ó sì ń dà á síta láti ara èyí tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn ilé. Iye ooru tí ó bá ń wọlé ni iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe, iye iṣẹ́ tí ó bá sì ṣe ni mítà yóò kà.

Ní ti ọ̀rọ̀ 16, kí bàbá àwọn ọmọ má bínú sí wa. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ (ohun tí ń ti gáàsì yípo) ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter kò ní ju ìwà méjì lọ: bí kò bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó dúró. Ìbáà jẹ́ 16 ni ẹ fi sí, ìbáà jẹ́ 25, bákan náà ni yóò ṣe yára tó. Ìgbà tí yóò sinmi ni nọ́ńbà yẹn ń sọ fún un, ó sì ṣòro kí yàrá tutù dé 16 nílẹ̀ wa níbí, nítorí náà ẹ̀rọ kò ní sinmi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ HP kan sábà máa ń lo nǹkan bíi 900 wọ́ọ̀tì. Bí ó bá ṣiṣẹ́ láìsinmi láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà òwúrọ̀, yúnìtì 7.2 ni, nítorí yúnìtì kan ni 1,000 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso iná mànàmáná fọwọ́ sí i pé kí àwọn Band A máa san ₦225 lórí yúnìtì kan. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, ó sì di ₦209.50 ní oṣù keje. Bí a bá fi ₦209.50 ṣírò rẹ̀, owó òru kan lé ní ₦1,500, láìtíì ka owó orí mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbé e sí 25, tí ó sì ń sinmi fún ìdá kan nínú mẹ́ta òru náà, nǹkan bíi ₦1,000 ni yóò jẹ. Láàárín oṣù kan, ìyàtọ̀ náà tó ₦15,000. Bí 25 bá mú bàbá làágùn, kí ẹ tan fáànù àjà mọ́ ọn, nítorí fáànù kì í sábà lo ju 70 wọ́ọ̀tì lọ, atẹ́gùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ kí 25 tu ara lára bí ẹni pé ó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ni ó ká wa lára jù. Gáàsì amúlétutù kì í jó tán bí epo inú jẹnẹrétọ̀. Inú páìpù tí a dí pa ni ó ti ń yípo, èyí tí wọ́n rọ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ni ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi gbó. Bí ó bá ń dín kù ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ibì kan ń jò. Oníṣẹ́ tí ń rọ gáàsì láìwá ojú ibi tí ó ń jò ń gba owó lọ́wọ́ yín lásán ni, ẹ̀rọ tí gáàsì rẹ̀ kò pé yóò sì máa ṣiṣẹ́ pẹ́ kí yàrá tó tutù. Nígbà mìíràn tí ó bá dé, ẹ ní kí ó po ọṣẹ, kí ó fi ìfófòó rẹ̀ pa àwọn oríkèé páìpù bàbà tó wà lára ẹ̀rọ ìta nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú ni gáàsì ti ń jáde. Lẹ́yìn tí ó bá dí i, kí ó kọ́kọ́ fi vacuum pump fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, kí ó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì tuntun. Irú gáàsì náà àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìta. Kí ó má da R22 pọ̀ mọ́ R410A, tí wọ́n jẹ́ irú gáàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun yòówù kí ó sọ.

Ẹ tún máa yọ àwọ̀n tí ń sẹ́ eruku nínú ẹ̀rọ, kí ẹ fi omi fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ dí ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn àti àlàfo ojú fèrèsé, pàápàá bí ó bá jẹ́ fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń ṣí bí ewé ìwé, nítorí kò sí bí a ṣe tì í tí atẹ́gùn kò ní gba àárín rẹ̀. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń kọjú sí fèrèsé náà, ìbòrí tí a ta síta yóò ràn yín lọ́wọ́ ju aṣọ fèrèsé inú ilé lọ, torí pé ooru tí ó bá ti wọ inú gíláàsì ti wọlé nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí owó ṣì ń lọ jù, ẹ lè wá ronú kan inverter. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tirẹ̀ lè dín eré kù dípò kí ó máa kú kí ó sì máa jí, ìdí nìyẹn tí kì í fi jẹ iná púpọ̀ ní ilé tí a ti ń tan amúlétutù fún wákàtí púpọ̀. (Kò ní bátìrì nínú o, kì í ṣe irú ìnfátà tí ń tan iná nígbà tí NEPA bá mú un lọ.) Ẹni tí ń tan tirẹ̀ fún wákàtí kan péré lójúmọ́ kò ní tètè rí owó tí ó fi rà á padà.

Ìbéèrè: Mo ń múra ìgbéyàwó, mo sì fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù. Oníṣòwò kan ní tòkunbọ̀ lágbára ju tuntun lọ, ó sì dínwó. Kí ni kí n ṣe?
Ọkọ Ìyàwó Ọ̀la, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, a ó jẹ́rìí ire o. Owó tí ẹ ó san nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó dínwó. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń lo R22, gáàsì tí ń ba ìpele ózóònù tí ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 sì ní kí ayé kó kúrò nílẹ̀. Ọdún 2030 ni gbèdéke tí wọ́n fún irú orílẹ̀-èdè wa. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún ni yóò máa ṣọ̀wọ́n. Àwọn ará Gánà tilẹ̀ ti fi òfin dá a dúró láti ọdún 2013 pé kí ẹnikẹ́ni má kó amúlétutù àlòkù wọlé mọ́. Èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá tún lè jẹ́ ti iná 115 volts, tí kò tó agbára iná tiwa, tí yóò jóná bí ẹ bá kì í bọ iná tiwa.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ẹ má bi í léèrè agbára. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ara ẹ̀rọ, kí ẹ pín iye BTU (ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ lè kó kúrò ní wákàtí kan) sí iye wọ́ọ̀tì tí ó ń lò. 9,000 BTU tí ń jẹ 1,000 wọ́ọ̀tì fún wa ní 9. 9,000 tí ń jẹ 750 fún wa ní 12. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni ẹ rà. Ẹ má sì ra HP méjì fún yàrá kékeré kí ẹ lè fi yangàn, nítorí ẹ̀rọ tí ó tóbi jù, bí kì í bá ṣe inverter, yóò tutù kíá, yóò sì dúró kí ó tó fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́, ara yín yóò wá máa lẹ̀ mọ́ ibùsùn nínú òtútù.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń jáde fún wákàtí kan, ṣé ó sàn kí n fi amúlétutù sílẹ̀ lórí iná? Wọ́n ní títàn rẹ̀ padà ni ó ń jẹ iná jù.
Òǹkàwé kan, Sùúrùlérè, Èkó

Ìdáhùn: Ẹ pa á. Iná tí ó ń fà nígbà tí ó bá ń gbéra kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kò sì lè dé ibi tí iná wákàtí kan dé. Kìkì pé bí ẹ bá pa á tán tí ẹ rántí nǹkan tí ẹ sì padà wọlé, ẹ jẹ́ kí ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó tún tàn án, kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ má baà gbéra nígbà tí gáàsì inú rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀.