Mọ́tò Mi Ń Hó Fíìì Tí Mo Bá Fẹ́ Sítáàtì Ẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà, Àgúdà ní Sùúrùlérè ni mò ń gbé, Ìdúmọ̀tà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ mọ́tò á kàn hó fíììì bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò sí ata nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní yí rárá. Màá pa á, màá tún yí i, lẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin á wá mú, á sì ṣiṣẹ́ dáadáa títí dalẹ́. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ ẹ̀, pàbó. Ó tún wá ń sọ báyìí pé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kú, kí n lọ wá owó tòkunbọ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Olùkàwé kan, Àgúdà

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ má tíì wá owó kankan o. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbé yín lọ sí Ìdúmọ̀tà tó sì ń gbé yín bọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fún? Bátìrì náà ò jẹ̀bi, torí bátìrì tó ti rẹ̀ kì í hó, ńṣe ló máa ń fa ohùn rùùn… rùùn… bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, tàbí kó kàn máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Tiyín ń hó fíìì, ìyẹn ni pé iná ń dé ibẹ̀, kíkì sítátà, ẹ̀rọ oníná tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó mú, ń yí, àmọ́ òun nìkan ló ń dá yí.

Gíà kékeré kan wà lẹ́nu kíkì sítátà, bendix làwọn mẹkáníìkì ń pè é. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí gíà yẹn fò síta, kó fi eyín ẹ̀ há eyín fúláíwíìlì, wíìlì ńlá eléyín tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, kó fi yí ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti mú, kó padà sáyè ẹ̀. Tí kò bá wá fò síta, tàbí ó fò síta ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ti jẹ débi pé kò lè di nǹkan mú mọ́, fíìì lẹ máa gbọ́. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ jù, torí gíríìsì àtijọ́ tó ti pò mọ́ eruku á ti dì lóru. Ṣé ẹ ò sì wọ omi àgbàrá láìpẹ́ yìí? Ìsàlẹ̀ ni kíkì sítátà ọ̀pọ̀ mọ́tò wà, mo ti tú ọ̀kan rí lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ tó jáde níbẹ̀ ki bí ògì bàbà.

Ẹ wá gbọ́ o, eyín fúláíwíìlì náà lè ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin kì í dúró síbi tó bá ṣáà ti wù ú, ojú kan tàbí méjì náà ló sábà máa ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni bendix á sì máa gbá lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó bá tún hó, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, kí mẹkáníìkì fi sípánà sí bóòtù ńlá tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì kó yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá gbìyànjú. Tó bá mú lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, eyín fúláíwíìlì ni mò ń fura sí. Tó bá ṣì ń hó bẹ́ẹ̀, kíkì sítátà ni.

Kí mẹkáníìkì tú kíkì sítátà sílẹ̀ kó fi hàn yín lójúkojú, àmọ́ kó kọ́kọ́ yọ wáyà nẹ́gétífù lórí bátìrì torí iná ò kúrò lára wáyà ńlá kíkì sítátà láé. Ẹ fi ọwọ́ yí gíà kékeré yẹn: ó yẹ kó yí lápá kan, kó há lápá kejì. Tó bá ń yí falala lápá méjèèjì, ó ti kú nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó dì í padà, ẹ fi iná fóònù yín wo inú ihò tó ti jáde, kí ẹnì kan rọra máa yí ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ wo gbogbo eyín ibẹ̀ yípo, torí tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́, gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Tó bá jẹ́ kíkì sítátà lẹ fẹ́ rà, tẹ́ ẹ bá dé Ládìpọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ mú ti àtijọ́ dání kẹ́ ẹ ka eyín ẹ̀ mọ́ tuntun. Kẹ́ ẹ tó sanwó kí wọ́n fi bátìrì tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ níṣojú yín, kí gíà fò síta kó sì yí, èyí tó bá yí tí kò fò, ohun tẹ́ ẹ ní nílé náà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Sienna tèmi ní tiẹ̀, ó ti sítáàtì tán kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, kùnùùù, tí mo bá gé síárìn ó ń pọ̀ sí i.
Olùkàwé kan, Ẹ̀bùté-Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, ẹ ti dá ara yín lóhùn níbi tẹ́ ẹ ti dárúkọ síárìn. Ẹ ṣí ike ọ́ìlì ẹ̀ wò, bóyá ó ti lọ sílẹ̀ tàbí ó ń hó bí ọṣẹ. Ẹ wá ibi tó ti ń jò kẹ́ ẹ tó bu òmíì sí i, irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bu ọ́ìlì bíréékì sí i, ó máa jẹ rọ́bà inú ẹ̀ ni. Tọ́ìlì bá pé tí ariwo ò sì dákẹ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí fáàmbẹ́ẹ̀tì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ ṣáà ká ọwọ́ aṣọ yín sókè, kó má jẹ́ pé pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ lẹ máa lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀tì tó ń yí.