Ìdáhùn fún tíṣà Oǹdó tó fẹ́ sá kúrò nínú equity fund

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Ẹ ní equity fund yín, ìyẹn àpò owó àpapọ̀ tí máníjà fi ń ra ṣíà fún yín, ti já wálẹ̀, ẹ sì ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ kó owó yẹn lọ sínú èyí tó ṣe ipò kìíní lọ́dún tó kọjá. Ẹ gbọ́ tẹnu èmi ará Àkúrẹ́ yìí ná.

Tíṣà ni bàbá tiwa náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni gírátúítì wọn bọ́ sọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé kò síbi téèyàn yà sí ní Alágbàká tí wọn ò ti ní máa sọ̀rọ̀ ṣíà. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni ìwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iye owó ṣíà lápapọ̀ ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, kọjá 66,000. Bàbá kó èyí tó pọ̀ jù sínú equity fund, wọ́n kó ìyókù sínú fund tó ń ra treasury bill, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fúngbà díẹ̀ tó sì ń san èlé lé lórí. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2009 fi máa parí, ìwọ̀n yẹn ò tó 20,000 mọ́.

Wàhálà wá dé. Bó bá ti di owó iléèwé tàbí owó oògùn, inú treasury bill tó ń lérè ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èyí tó ń jó rẹ̀yìn, wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. "Ẹ jẹ́ kó pé iye tí mo rà á ná." Wọ́n kọ iye yẹn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wò ó, wọ́n á wo ìwé ìròyìn, wọ́n á mí kanlẹ̀. Màmá bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní, "Bàbá, ọjà ò mọ iye tẹ́ ẹ rà á." Wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn ní ìṣirò. Treasury bill tán, àìsàn dé, la bá ta equity yẹn lówó pọ́ọ́kú. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Shefrin àti Statman, àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ìdókòwò, ti kọ̀wé nípa ìwà yìí gan-an lọ́dún 1985: èèyàn a máa yára ta èyí tó jèrè, a sì máa di èyí tó ń pàdánù mú.

Ẹ má rò pé àwọn tó ń bá wa mójú tó owó yàtọ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni onítáì tí mo lọ bá ní ọ́fíìsì wọn, "long term, sà" ṣáá ló ń kọ lórin. Mo bi í pé ṣíà kí ni wọ́n fowó bàbá mi rà: báǹkì, báǹkì, báǹkì. Kí ló dé? Ó ní gbogbo fund ló rà á! Bí máníjà kan bá dá pàdánù, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jọ pàdánù, wọ́n á ní ọjà ló burú. Inú owó yín ni wọ́n sì ti ń yọ owó iṣẹ́ wọn, ẹ jèrè o, ẹ ò jèrè o. Àwọn mìíràn a tún ta ṣíà tó ń tì wọ́n lójú kí ọjọ́ tí wọ́n máa ròyìn ohun tó wà nínú fund fún wa tó pé, bí ẹni kó kòkó gbígbẹ sẹ́nu àpò tó fi tútù sísàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ́n, ìbéèrè yín. Ohun tó kún inú fund ipò kìíní yẹn lọ́jà fẹ́ràn lọ́dún tó kọjá. Kò ṣèlérí kankan fún tọdún yìí. Àwọn tó sá wọ money market fund, èyí tó ń ra treasury bill àti irú rẹ̀, torí èlé àná rí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí èlé treasury bill ọlọ́dún kan ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ẹ bi ara yín: ká ní owó yìí ṣì wà ní báǹkì lónìí, ṣé màá fi ra fund tí mo wà nínú ẹ̀ yìí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jókòó. Bó bá jẹ́ owó tẹ́ ẹ máa ná láìpẹ́ ni, ẹ yọ ọ́, kó sì má jẹ́ inú equity míì lẹ máa kó o lọ.

Fọ́ọ̀mù ìyọwó, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ wo orúkọ fund tuntun nínú àkọsílẹ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà àti fund, ẹ má sì sanwó sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó bá kàn sí yín lórí WhatsApp. Kí ìbuwọ́lùwé yín sì bá èyí tẹ́ ẹ fi ṣí i mu. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n nígbà tá a fẹ́ yọ tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń dá fọ́ọ̀mù padà pé kò jọra, ẹni tó ń dá a padà ò sì ní sọ ohun tá a máa ṣe sí i. Lẹ́tà báǹkì tó ní fọ́tò wọn ló parí ẹ̀. Ẹ tètè gba tiyín sílẹ̀.