Pèrègún mẹ́ta lẹ́yìn kíṣìnnì: ṣé igi òrìṣà ni àbí igi ààlà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé kékeré kan ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní Lugbe, ní Abuja níbí, yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀, ilẹ̀ díẹ̀ sì wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Ìyàwó mi fẹ́ gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí a ṣán igbó ibẹ̀ tán ni a rí pèrègún mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn títí dé igun ògiri. Ìyàwó mi ní òun kò lè bá igi òrìṣà gbélé, kí n gé e. Mo pe ìyá mi nílé, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, wọn kò sì sọ ìdí. Ọmọ Gbagyi, àwọn ìbílẹ̀ Abuja, ni onílé wa, ó ní Yorùbá kan tó ti gbé ibẹ̀ rí ló gbìn ín. Kí ni pèrègún dúró fún gan-an?"

Ẹ kú ilé tuntun o, àbúrò mi. Ìyàwó yín kò parọ́, ìyá yín náà kò parọ́. Ojúbọ ni ìyàwó yín rí lára pèrègún yẹn. Ìyá yín, bí mo bá mọ àwọn ìyá wa dáadáa, ààlà ni wọ́n rí. Ẹ̀yìn ìyá yín ni mo wà.

Ọmọ Òkun ni mí, láti ìhà Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi. (Bí a ṣe ń kí ara wa, "Òkun o", ni wọ́n fi ń pè wá bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé a sún mọ́ òkun kankan.) Lóko bàbá mi, kò sí awọnlẹ̀, kò sí ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ilẹ̀, wọ́n á gé ọ̀pá pèrègún mélòó kan, wọ́n á rì í mọ́ igun kọ̀ọ̀kan lójú ẹlẹ́rìí, ó parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mú àwa ọmọdé lọ, wọ́n á ní kí a fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a ka iye rẹ̀ sókè. Títí dòní, bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè ka pèrègún ààlà bàbá mi fún yín láti etí odò dé ìdí igi ìrókò.

Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ pèrègún, tí kì í ṣe máńgòrò tàbí ọ̀pẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àwọn àgbà wà. Igi tí a bá fẹ́ fi pa ààlà kò gbọdọ̀ jẹ́ igi tó ń rìn. Igi tó ń so èso wẹẹrẹ, tí ẹyẹ ń jẹ, tí omi ń wọ́ lọ, á hù síhìn-ín, á hù sọ́hùn-ún, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ èyí tí bàbá gbìn mọ́ èyí tí ẹyẹ gbìn. Pèrègún kì í sábà tanná, kì í sábà so. Ibi tí o bá fi í sí ló máa wà. Bẹ́ẹ̀ ni kò nílò irúgbìn: gé ọ̀pá rẹ̀, rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á ta gbòǹgbò, á rúwé. Bí iná ìgbẹ́ bá jó orí rẹ̀, láti ìdí ni yóò tún ti rú. Ewé rẹ̀ gùn bí ewé àgbàdo, ó sì ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí koríko yòókù ti gbẹ, nítorí náà ojú máa ń rí i lókèèrè. Igi rẹ̀ kò ṣeé fi kọ́lé, kì í ṣe igi ìdáná gidi, a kì í sè é jẹ. Ta ni yóò wá gé e, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ jalè ilẹ̀?

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nínú ẹjọ́ ilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹlẹ́rìí a máa dárúkọ pèrègún níwájú adájọ́. "Láti ìdí pèrègún yìí dé ìdí akòko yẹn ni tiwa." Ẹ̀rí ni, ó ń wọ inú ìwé ilé ẹjọ́.

Ti Abuja yàtọ̀ o. Láti ọdún 1976 tí ìjọba ológun ti ṣe òfin tó dá Abuja sílẹ̀ bí olú-ìlú ni ilẹ̀ ibẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì wá kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbí, pẹ̀lú òpó kọ́nkéré kúkurú tó ní nọ́ńbà lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní bíkìn. Èmi fúnra mi ní ilẹ̀ kékeré kan ní ọ̀nà Kuje. Mo fi pèrègún ti bíkìn kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyàwó mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ara oko ni mí. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, wọ́n ti hú bíkìn méjì lóru. Pèrègún ṣì wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí ẹni tó wá hú bíkìn kò mọ̀ pé ohun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ ohun kan náà. N kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe pèrègún ni awọnlẹ̀ lò láti dá bíkìn padà, nọ́ńbà inú ìwé ló lò. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọn ilẹ̀ tán, ẹsẹ̀ pèrègún gan-an ló bọ́ sí. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwa nìkan kọ́ ni a mọ àṣírí yìí. Àwọn Chagga tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania ń fi irú pèrègún tiwọn pa ààlà ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣẹ ẹnì kejì, ewé rẹ̀ ló máa mú lọ́wọ́ lọ tọrọ àforíjì. Ní apá òkè Cameroon tí wọ́n ń pè ní Grassfields, ewé àlàáfíà ni wọ́n kà á sí. Bẹ́ẹ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò bọ Ògún. Ohun tí igi náà jẹ́ ló sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ó ṣeé ṣe kí pèrègún má ya onílé yín lẹ́nu rárá. Lápá òkè níbí, igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọgbà. Àwọn Hausa máa ń fi bini da zugu yí ilé àti oko ká, òun náà ni bòtújẹ̀ tí àwa mọ̀, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́.

Ó kan ti ìyàwó yín wàyí. N kò ní sọ pé pèrègún kò bá òrìṣà tan. Bí ẹ bá dé ojúbọ Ògún, ẹ ó rí màrìwò, ẹ ó rí irin, ẹ sì lè rí pèrègún. Ó wà nínú ọfọ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní pèrègún ni í pe irúnmọlẹ̀ wá láti òde ọ̀run, wọ́n tún ní pèrègún ló ní kí ẹ bá òun pe ire gún. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ní "pe ire gún" ni orúkọ igi náà túmọ̀ sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀: "pe ire" wà lóhùn àárín, "pèrè" wà nísàlẹ̀. Eré ọ̀rọ̀ ni. Ọlọ́fọ̀ gbọ́ "pè" nínú orúkọ igi, ó sì fi rán igi náà níṣẹ́ ìpè. Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí láìmọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ ti gbọ́ pé obì ni í bi ikú, obì ni í bi àrùn, pé orógbó ni yóò jẹ́ kí ọmọ gbó kí ó tọ́. Ta ló wá ní obì gba orúkọ rẹ̀ nítorí ikú? Ọ̀rọ̀ ló fa ọ̀rọ̀.

Èrò tèmi ni pé níbi ojúbọ pàápàá, iṣẹ́ ààlà ni pèrègún ń ṣe. Ó ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé ìhín ni ilẹ̀ ọmọ ènìyàn mọ, ọ̀hún ti di ti òrìṣà. Kò yí iṣẹ́ padà láti oko dé ojúbọ, àwọn tó pín ilẹ̀ náà ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ wo tiyín dáadáa. Ẹ ní ó tò tẹ̀lé ara wọn dé igun ògiri. Ìtò nìyẹn, ìlà nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbìn ín kí wọ́n tó mọ fẹ́ǹsì, tàbí kí ayálégbé méjì ti fi pín ẹ̀yìnkùlé náà láàárín ara wọn. Ká ní ojúbọ ni, ẹ ì bá rí òkúta tí wọ́n to, irin àtijọ́, ojú epo lórí nǹkan, tàbí kí pèrègún náà ká ibì kan mọ́. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òdòdó lásán ni ẹni náà gbìn. Àwọn tó ń ta òdòdó sẹ́bàá títì ní Abuja ń tà á sínú ìkòkò, pàápàá èyí tó ní ìlà àwọ̀ ìyeyè láàárín ewé. Àwọn òyìnbó ń gbé e sí pálọ̀ wọn, igi àgbàdo ni wọ́n ń pè é. Bí ìyàwó yín bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bí ó bá rí pèrègún nínú ìkòkò níbẹ̀, kò ní yà mí lẹ́nu.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ìgbàgbọ́, Ìwé Òwe 22:28 sọ pé kí a má ṣe yẹ ààlà ilẹ̀ àtijọ́. Àwọn Mùsùlùmí náà ní hádíìsì pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ìpele ilẹ̀ méje ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀sìn méjèèjì bá ìyá yín dúró.

Ká ní akòko ni ẹ bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá gùn jù báyìí lọ, nítorí ewé oyè ni, a fi ń jọba. Àwọn Igbo ń pè é ní ogirisi, Hausa ń pè é ní aduruku. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìdí tí ìyá yín kò fi ṣàlàyé kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn náà kò gbọ́ àlàyé. Bí a bá sọ fún ọmọdé pé "ààlà ni, má gé e", ọjọ́ tí ebi ilẹ̀ bá pa á, á gé e. Bí a bá sọ pé "èèwọ̀ ni, má fọwọ́ kàn án", ẹ̀rù á bà á, ilẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Èèwọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí àwọn àgbà fi ti ilẹ̀ pa nígbà tí kò sí bíkìn. N kò fẹ́ràn kí a máa dẹ́rù ba ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọyì ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ bi onílé àti aládùúgbò tó wà lódìkejì ògiri yẹn bóyá ó mọ ibi tí ilẹ̀ pín sí. Ayálégbé ni yín, ààlà kì í ṣe tiyín láti yẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí wàhálà, tí ìyàwó yín sì ṣì kọ̀, ẹ má kàn fi àdá gé e, yóò tún rú ni, á sì wá dà bíi pé òrìṣà ń bá a jà lóòótọ́. Ẹ hú u tìdí-tìdí. Ṣùgbọ́n bí tèmi bá ni, n ó fi í sílẹ̀. Pèrègún mẹ́ta kò ní jẹ ilẹ̀ ewédú tán. Kí ìyàwó yín la ebè tirẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa, kí tẹ̀tẹ̀ wà ní iwájú. Nígbà ọyẹ́, omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa dà sí ìdí pèrègún, nítorí ọmọ igbó tútù ni, ọ̀dá Abuja a máa mú kí ṣóńṣó ewé rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá ní ajá tàbí ológbò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ewé náà, yóò mú wọn bì.

Ẹ tún pe ìyá yín. Ẹ má bi wọ́n ìdí tí a kì í fi gé pèrègún, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló wà ní ààlà oko bàbá yín, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kí ẹ mú ìwé àti báírò dání.