Ojú ọjọ́ oṣù kẹfà ní etíkun San Francisco àti àfonífojì ẹ̀yìn òkè

Àǹtí, ẹ kú ìmúra. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún Màmá tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ní Sátidé kejì oṣù kẹfà, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ ṣe é ní etíkun Pacifica, nítòsí San Francisco, tàbí ní Livermore tó wà nínú àfonífojì lẹ́yìn òkè, àti pé ṣé òjò ò ní dà á rú. Ẹ gbé òjò kúrò lọ́kàn. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òjò gidi ṣọ̀wọ́n lápá ibẹ̀.

Òtútù àti atẹ́gùn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó ṣì ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ dé California, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀.

Omi òkun ibẹ̀ kò jọ ti Èkó. Ti Èkó lè gbóná tó 28°C. Ti Pacifica nínú oṣù kẹfà kò ju nǹkan bíi 11 sí 13°C lọ. Ìṣàn omi tútù ń bọ̀ láti àríwá, atẹ́gùn àríwá ìwọ̀-oòrùn sì ń ti omi ojú òkun kúrò létí ilẹ̀, omi inú ibú tó tutù jù bẹ́ẹ̀ á wá gòkè rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá fara kan omi yìí á tutù, á di kùrukùru. Lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó tutù wúwo, kò lè gòkè, ó sì dúró sí etíkun bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ń ya àlejò lẹ́nu nìyí. Lẹ́yìn òkè, oòrùn ń sun ilẹ̀ ní àfonífojì ńlá tí Sacramento àti Fresno wà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè, àyè á sì ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ òkun láti ya wọlé gba Golden Gate, ẹnu tí òkun ń gbà wọlé ní San Francisco, àti gbogbo àlàfo tó wà láàárín àwọn òkè. Bí ooru bá ṣe ń le sí i ní Sacramento, bẹ́ẹ̀ ni kùrukùru àti atẹ́gùn ń le sí i ní Pacifica. Ní aago méjì ọ̀sán kan náà, Sacramento lè ti kọjá 95°F (35°C), Livermore á wà ní 85°F (nǹkan bíi 29°C), Pacifica á sì wà ní 58 tàbí 60°F (nǹkan bíi 14 sí 16°C). Láti Pacifica dé Livermore kò sì pé 50 máìlì.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa àwọn tó ń ka ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Wọ́n á dúró níwájú máàpù, wọ́n á ní ooru ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, wọn ò ní sọ pé ooru yẹn gan-an ló ń fa òtútù wá sí etíkun. Àwọn èèyàn wa á wọ léèsì aláìlápá, wọ́n á kó ìyá àgbà lọ sí etí òkun, àwọn ìyá á sì máa gbọ̀n. Òtútù yẹn kì í ṣe ti ọyẹ́ tí Màmá mọ̀. Ọyẹ́ gbẹ, oòrùn sì máa ń le tó bá di ọ̀sán. Èyí lọ́rinrin, ó ń wọ eegun, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Súẹ́tà kan kò tó o. Súẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá, ìbòrùn, ìbọ̀sẹ̀.

Áàpù ojú ọjọ́ orí foonu yín náà kò ṣeé gbé ara lé. Bí ẹ bá tẹ “San Francisco”, iye kan ṣoṣo ni yóò fún yín fún ìlú tí òkè pín sí méjì. Ẹ lọ sí weather.gov, ìkànnì àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ tẹ ọ̀gangan ibi tí ẹ máa jókòó sí gan-an lórí máàpù, kí ẹ sì wo ti wákàtí sí wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka èyí tí wọ́n pè ní Area Forecast Discussion. Òun ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń bá ara wọn sọ òótọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ marine layer, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ òkun tútù tí kùrukùru wà nínú rẹ̀, àti bó ṣe nípọn tó. Bí ó bá wà ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tàbí tí kò tó o, kùrukùru kò lè fo òkè. Etíkun nìkan ló máa jẹ ẹ́, Livermore á gbóná láti àárọ̀. Bí ó bá tó 2,000, á gba àárín òkè wọlé lóru, Livermore lè jí sábẹ́ ìkùukùu, ṣùgbọ́n á sábà ká kúrò ní aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Bí ó bá kọjá 3,000, òjò wínníwínní lè máa sẹ̀ ní etíkun láàárọ̀, oòrùn á sì pẹ́ kó tó yọ nínú àfonífojì pàápàá.

Wọ́n tún máa ń kọ ìyàtọ̀ ìwúwo afẹ́fẹ́ láàárín SFO (pápákọ̀ òfurufú San Francisco) àti Sacramento, ní millibar. Tó bá ti tó 3, atẹ́gùn òkun á le. Tó bá bọ́ sábẹ́ òdo, atẹ́gùn ti yí, láti ilẹ̀ ló ń fẹ́ lọ sókun, ìgbà yẹn ni Pacifica máa ń gbóná. Ìyẹn sì wọ́pọ̀ nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ju oṣù kẹfà lọ.

Àwọn kan ti ń fi máàpù aláwọ̀ ọsàn tó ń sọ bí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ṣe máa rí ránṣẹ́ kiri, pé ìjọba ní ooru ń bọ̀ ní gbogbo etíkun. Climate Prediction Center, ẹ̀ka àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń gbé e jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣooṣù. Bí kò bá sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ síbì kankan, 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni ànfààní pé ooru á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ bá rí 40, ó kàn tẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ ni. Ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru ni wọ́n ń ṣírò, fún oṣù mẹ́ta. Òru tí ìkùukùu bò, tí kò tutù bó ṣe yẹ, lè sọ gbogbo rẹ̀ di “ooru”, kí ọ̀sán Pacifica sì ṣì wà ní 60°F. Máàpù yẹn kò mọ Sátidé yín. Ìgbà tó bá ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ tó lè gbára lé ohun tí weather.gov bá sọ nípa rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ omi Pacifica. Omi 12°C máa ń gba èémí lẹ́nu ẹni lójijì, ìgbì ńlá sì máa ń yọ sí èèyàn níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń gbèrò odò American River ní Sacramento nítorí ooru, ìkìlọ̀ kan náà ni: omi yìnyín tó yọ́ láti orí òkè Sierra Nevada ni, ó tutù, ó sì yára.

Livermore ni kí ẹ lò, láti aago mọ́kànlá sí mẹ́ta. Lẹ́yìn mẹ́ta, atẹ́gùn òkun á dé ibẹ̀ náà, kánópì tí wọn kò so á fò. Àwọn tó ń yáni ní kánópì á ní èèkàn ti tó. Kò tó lórí ilẹ̀ líle. Ẹ gbé 40 pọ́ùn sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kánópì 10 × 10 ẹsẹ̀ bàtà. Korobá gálọ́ọ̀nù márùn-ún tó kún fún omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 42 pọ́ùn, kò sì wọ́n.

Ẹ wo àwọ̀ HeatRisk, máàpù weather.gov tó ń fi àwọ̀ sọ bí ooru ṣe léwu tó, ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ẹ wá yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù fún Màmá. Bí ó bá pupa, ẹ kó gbogbo òde wọlé. Bí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa omi mímu ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ tún pe àwọn tó ni pápá náà kí ẹ tó gbé igi àti ìkòkò ìrẹsì síbẹ̀: koríko orí òkè ti gbẹ nígbà yẹn, wọ́n sì máa ń fòfin de iná tí Red Flag, ìkìlọ̀ pé iná lè ràn kíákíá, bá jáde.

Tó bá jẹ́ pé fọ́tò létí òkun ló ń wu Màmá, ẹ gbé e lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún sí ogún péré, kí ó jókòó sínú ọkọ̀ títí ayàwòrán á fi ṣe tán. Gèlè ibẹ̀, ẹ fi píìnì dè é dáadáa.