Yunifọ́ọ̀mù tí kò rí oòrùn

Àbúrò mi, o ní wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ lọ sí wọ́ọ̀dù ibà Lassa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé wá ní kí o má fa omi kànga mọ́, bàbá onílé náà ti ń fọgbọ́n bi ọ́ pé ìgbà wo ni owó ilé rẹ máa parí. O ń béèrè bóyá kí o kúkú sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé ọ kúrò níbẹ̀. Má dán an wò. Mo pa irú irọ́ yẹn l'Ékòó lọ́dún 2020, ojú mi rí màbo.

Nígbà tí wọ́n fi máa ti ìlú pa ní 30 oṣù kẹta ọdún yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kòrónà ni wọ́n pín mi sí. Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé wa, balùwẹ̀ méjì. Mo ní ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ni mo wà. Mi ò lè sá yunifọ́ọ̀mù sórí okùn mọ́, inú yàrá ni mo ń fi í kọ́, fèrèsé ní títì. Kì í gbẹ tán. Ọ̀rinrin rẹ̀ ni mo ń wọ̀ sára láàárọ̀, pẹ̀lú òórùn aṣọ tí kò rí oòrùn. Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró lọ́nà, màá kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì kí n tó yọ káàdì ibi iṣẹ́ jáde, kí ẹni ilé wa má baà rí i.

Ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ló padà rí káàdì náà. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ omi ọṣẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn: kí n ju owó mi síbẹ̀. Mo dúró, mò ń wo náírà tó léfòó bí ewé. Mo rò pé ẹ̀rù àrùn ló ń ba ìyá náà. Ohun tó ń tún sọ ni pé, “O purọ́ fún wa.” Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní kí wọ́n fọwọ́, wọ́n á ní ta ló mọ̀ bóyá irọ́ tún ni.

(Ẹ má jẹ́ kí n sọ ti owó ewu 5,000 náírà lóṣù tí àwọn dókítà ìjọba àpapọ̀ ń gbà nígbà yẹn. Ìlú tó ń sunkún Dókítà Stella Adadevoh, tí Èbólà pa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2014, náà ni kò fẹ́ bá nọ́ọ̀sì alààyè lo balùwẹ̀.)

Nítorí náà, sọ òótọ́, ṣùgbọ́n má pe ìpàdé agboolé. Ìyàwó bàbá onílé ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó mọ̀ pé itọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tó kan oúnjẹ ló sábà ń kó Lassa ran èèyàn, pé ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara aláìsàn ni àwa ń ṣọ́ra fún ní wọ́ọ̀dù, kì í ṣe okùn kànga. Bá a wá ọmọrí sí ike gàrí rẹ̀. Ẹni tí o bá bá de gàrí á gbèjà rẹ ju ẹni tí o bá bá jiyàn lọ.

Ti àìsùn tí o sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà mẹ́fà, méje ni mo ń wọn ìgbóná ara mi lóru. Mátírọ̀n wa rí ojú mi, ó ní kí n mú tẹmómítà wá. Ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, níwájú òun. Bí nǹkan bá ṣèèṣì kàn ọ́ láìsí ìbọ̀wọ́, tí wọ́n ní kí o máa ṣọ́ ara rẹ fún ọjọ́ 21, wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì gbé tẹmómítà fún ẹlòmíì bá ọ tọ́jú. Àkọ́kọ́ alẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sùn di aago mẹ́rin.