Àdín Àgbọn Tó Ń Rùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Àjárá, ní Àgbádárìgì, ni mo ti ń ṣe àdín àgbọn. Tẹ́lẹ̀, àgbọn 12 ti tó mi fún lítà kan. Báyìí, 20 ò fẹ́ẹ́ tó. Kì í pé oṣù kan nínú ike tí á fi máa rùn. Oníbàárà kan tún dá tirẹ̀ padà lásìkò ọyẹ́, ó ní àbùlà ni, torí pé ó dì. Ṣé kí n kúkú máa ta àgbọn mi ní odidi ni? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, fi ti oníbàárà yẹn sílẹ̀ ná. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù ju bí ìwọ̀n 24 Celsius lọ, àdín àgbọn á dì. Kó gbé e sóòrùn, kó wò ó. Èyí tí kò bá dì rárá nínú ọyẹ́ lèmi máa fura sí.

Àgbọn tí ò ń rà lọ̀rọ̀ wà. Etí lèmi fi ń ra àgbọn. Gbé e sétí, mì í. Bí omi inú rẹ̀ bá ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, ó ti gbó. Bí kò bá dún, àgbọn mímu ni wọ́n tà fún ọ. Ẹran rẹ̀ kò tíì lépo. Bí oṣù 12 ni àgbọn fi ń gbó lórí igi, àwọn tó ń ká a kò sì ní sùúrù mọ́, nítorí owó ọwọ́ ni àwọn alágbọn mímu ń san. Bèèrè igi tí wọ́n ti ká a pẹ̀lú. Àgbọn kúkurú, tó ń so ní ọdún 3 sí 4, mímu ló dára fún. Àgbọn gíga, tó ń tó ọdún 6 sí 8 kó tó so, ni tìrẹ.

Ní ti rírùn, omi ni. O rin àgbọn, o fún un, o fi í sílẹ̀ mọ́jú, o ré orí rẹ̀: ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń wọ̀ ọ́. Gbé e sórí iná jẹ́jẹ́. Á máa ta pàrà-pàrà, omi ló ń jáde lára rẹ̀ yẹn. Ìgbà tó bá dákẹ́, tí èérún ìsàlẹ̀ ìkòkò sì pọ́n bí ara àkàrà, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó tutù, kí o fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ike gbígbẹ. Gbígbẹ ni mo wí o! Ike 18 ni mo dànù lọ́jọ́ kan, torí pé mo fọ̀ wọ́n láàárọ̀, mo sì rọ àdín sí wọn kí oòrùn tó mú.

O ní kí o máa tà á ní odidi? Níbo lò ń kó èèpo rẹ̀ sí? Èèpo là ń fi ṣe okùn àti ẹní ìnusẹ̀. Karawun rẹ̀, èédú ni. Ẹni tó bá rà á ní odidi ló kó gbogbo ìyẹn lọ. Èmi o, èédú karawun ni mo fi ń san owó ọmọ tó ń bá mi rin àgbọn.